Àwọn Abìjà-Wàrà Orí Pápá Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, láti Ìlú Ọba dé Ọsirélíà, láti Íńdíà dé àwọn erékùṣù West Indies, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tí eré náà jẹ lógún: ta ni ọ̀gá nínú gbogbo àwọn tí ó ti di pákó mú láti gbá bọ́ọ̀lù, ta sì ni ẹ̀rù rẹ̀ bani jù lọ nínú àwọn tí ó ti sáré wá jù ú? Àwọn ọ̀dọ́ a gbé ìwé ìṣirò kalẹ̀, wọn a máa ka iye ayò. Àwọn àgbà a mi orí, wọn a ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, nítorí pé ìṣojú àwọn ni lámọrín ṣe ju bọ́ọ̀lù tí igi fi fò sókè lẹ́yìn làkáṣègbè. Apá méjèèjì ní ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wọn máa ń kù díẹ̀ káàtó lójú tèmi, nítorí pé ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi gbogbo ojú wò, wọn kì í sábà béèrè ọwọ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù náà ti wá, iṣẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe jẹun kí ó tó dé orí pápá, àti àwọn tí ó jókòó sídìí òfin tí wọ́n fi ń sọ pé eléyìí ṣe akin, tọ̀hún ṣe ìkà.

Fún àwọn tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pápá kíríkẹ́ẹ̀tì wà ní Tafawa Balewa Square ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin látijọ́, ó yẹ kí n sọ bí nǹkan ti rí. Kọ́ọ̀kì ni inú bọ́ọ̀lù náà, okùn ni wọ́n wé yí i ká, awọ pupa ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì rán an yíká àárín tí ojú ìrán náà fi yọ sókè tí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 160, bí òun àti egungun bá sì pàdé, egungun ni yóò gbà fún un. Yáàdì 22 ni ó wà láàárín igi mẹ́ta tí a rì mọ́lẹ̀ ní òpin kan àti igi mẹ́ta tí ó wà ní òpin kejì. Ajubọ́ọ̀lù yóò ti òkèèrè sáré bọ̀, yóò yí apá rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú láì ká ìgbọ̀nwọ́, bọ́ọ̀lù yóò gba ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi pákó ṣọ́ igi. Bí ajubọ́ọ̀lù bá jẹ́ irú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí ó fi dé, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè gbára lé ilẹ̀ kí ó ta sí ọ̀fun tàbí sí ìpàkọ́. Àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un; láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹn, onílé ní láti mọ̀ bóyá kí òun tẹ̀ síwájú ni, tàbí kí òun sún sẹ́yìn, tàbí kí òun bẹ̀rẹ̀ kí ó fò kọjá lórí òun.

Ní Melbourne, ní oṣù kẹta ọdún 1877, ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà kọ́kọ́ pàdé nínú ìdíje tí a ń pè ní Tẹ́sítì, kò sì pẹ́ tí ayé fi mọ ohun tí ajubọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè fi ojú odidi orílẹ̀-èdè rí. Ní ọdún 1882, ní pápá Oval ní London, ayò 85 péré ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá kí wọ́n tó borí, nígbà tí ọkùnrin gàgàrà kan láti Sydney, Frederick Spofforth, tí wọ́n sọ ní Ànjọ̀nú, gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ tí kò sì sinmi mọ́. Ayò 77 ni gbogbo wọn ti wó tán. Ànjọ̀nú nìkan ti yọ ènìyàn 14 kúrò nídìí igi nínú ìdíje náà. Láti inú ìkéde òkú tí ìwé ìròyìn kan ní London ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà, pé kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kú àti pé wọn yóò sun ún, wọn yóò sì gbé eérú rẹ̀ lọ sí Ọsirélíà, ni orúkọ Eérú tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ń jà sí títí di òní ti wá.

Ohun kan wà nínú ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè lóye ìtàn yìí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn tí ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì sí: àwọn ọlọ́lá tí kì í gba owó iṣẹ́, àti àwọn tí eré náà jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ pápá, ilẹ̀kùn tí ọlọ́lá ń gbà jáde kì í ṣe èyí tí alágbàṣe ń gbà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ wọn sínú ìwé kò rí bákan náà. Ìyàtọ̀ yìí kò sì parẹ́ títí di ọdún 1962. Ọmọ ọlọ́lá ni ó sábà máa ń jẹ́ balógun ikọ̀, ẹwà ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì ń kọ ìwé lé lórí. Ṣùgbọ́n kí a sáré láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí a máa fi gbogbo ara jù, kí èjìká máa ro, kí ẹsẹ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú bàtà, ìyẹn di iṣẹ́ àwọn ọmọ tálákà, ní pàtàkì àwọn ọmọ awakùsà èédú. Ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ará àríwá ilẹ̀ náà pé bí ẹ bá ń wá ajubọ́ọ̀lù tí yóò le, ẹ lọ súfèé sí ẹnu kòtò èédú, ọ̀kan yóò jáde wá.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Harold Larwood. Ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Nuncargate, ní àgbègbè Nottingham, nígbà tí ó sì di ọmọ ọdún 14 ni ó wọ inú kòtò èédú, tí ó ń da àwọn ẹṣin kékeré tí ń fa kẹ̀kẹ́ èédú nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀. Kò ga, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àti èjìká tí kòtò èédú ti kọ́ wà lára rẹ̀, eré tí ó ń sá bọ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onídàájọ́ eré tí ó dúró nítòsí fi sọ pé àwọn kì í gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ìgbà kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń dàgbà ní ìlú kékeré Bowral ní Ọsirélíà, tí ó máa ń fi igi tínrín kan gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mọ́ ìdí àgbá omi ilé bàbá rẹ̀, tí yóò tún gbá a bí ó bá ti ta padà. Donald Bradman ni. Ní ọdún 1930 ó wá sí Ìlú Ọba, ó kó ayò 974 jọ nínú Tẹ́sítì márùn-ún, 309 nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní Leeds. Kò sí ẹni tí ó tíì ṣe irú rẹ̀ nínú ìdíje márùn-ún rí, kò sì tíì sí ẹni tí ó ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọn yóò ṣe dá ọwọ́ ọmọ yìí dúró ni ó wá gba ọkàn Douglas Jardine, balógun ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́lá ọmọ ọlọ́lá, tí kì í rẹ́rìn-ín fún ọ̀tá. Ète tí ó gbé lọ sí Ọsirélíà ní ìparí ọdún 1932 ni pé kí Larwood àti Bill Voce, tí òun náà jẹ́ awakùsà, máa ju bọ́ọ̀lù sí ìhà ara ẹni tí ó di pákó mú, kí ó máa ta sí egungun ìhà àti èjìká rẹ̀, kí wọ́n sì to ènìyàn jọ yí i ká ní apá ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò fi jẹ́ pé bí ó bá fi pákó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ wọn ni bọ́ọ̀lù náà yóò bọ́ sí. Gubby Allen, tí òun náà ń fi eré jù, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò níí ṣe é. Ọlọ́lá ni òun, ó lè kọ̀. Larwood kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnu iṣẹ́ ni ó wà, balógun ikọ̀ sì ni ọ̀gá rẹ̀.

Ní Adelaide, ní oṣù kìíní ọdún 1933, níwájú èrò tí ó lé ní 50,000, bọ́ọ̀lù Larwood ba Bill Woodfull, balógun ikọ̀ Ọsirélíà, ní àyà lókè ọkàn, ọkùnrin náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, pákó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú. Wọn kò tíì to àwọn ènìyàn yí i ká nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún kan Larwood láti jù, Jardine pàṣẹ kí wọ́n tò wọ́n, ariwo tí èrò sì pa lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ rò pé wọn yóò fo ọgbà wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bọ́ọ̀lù Larwood ba Bert Oldfield ti ikọ̀ Ọsirélíà, agbárí rẹ̀ sán. Wáyà ń lọ, wáyà ń bọ̀ láàárín àwọn aláṣẹ eré ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè ìjọba. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba Eérú, ìdíje mẹ́rin sí ẹyọ kan. Larwood yọ ènìyàn 33. Ìpíndọ́gba ayò Bradman, tí ó ti kọjá 100 tẹ́lẹ̀, wálẹ̀ sí bíi 56 nínú ìdíje wọ̀nyẹn. Nígbà tí egungun ẹsẹ̀ Larwood fúnra rẹ̀ yẹ̀ ní Sydney, Jardine kò jẹ́ kí ó kúrò lórí pápá títí tí Bradman fi jáde, pé kí ọ̀tá má baà mọ̀ pé ìbọn ti bàjẹ́. Ìgbà tí Bradman ń lọ ni òun náà ń tiro lọ.

Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, tí àwọn aláṣẹ sì rí i pé àárín àwọn àti Ọsirélíà ń bàjẹ́, Larwood ni wọ́n ní kí ó tọrọ àforíjì. Ó ní ohun tí balógun ní kí òun ṣe ni òun ṣe, òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ láé. Ní ọdún 1950, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà, ilẹ̀ àwọn ẹni tí ó lù láyà. Jack Fingleton, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fara gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́, Sydney ni ó sì gbé títí tí ó fi kú ní ọdún 1995. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tí ẹ̀rù wọn bani, tí wọ́n sì dárúkọ ọkùnrin yìí bí ẹni dárúkọ ọ̀daràn, ó máa ń dùn mí, nítorí pé ẹni tí ó gbèrò kò sọ lẹ́nu pé òun kọ́, síbẹ̀ ẹrù náà kò kúrò lórí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ìgbà tí àwọn ènìyàn dúdú gbé irú ohun kan náà dé iwájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tó mọ̀ bí ó ti ń ta ni lára. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1933 kan náà, ní Old Trafford ní Manchester, Learie Constantine àti Manny Martindale ti ikọ̀ West Indies ju bọ́ọ̀lù sí ara àwọn Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jù ú sí ara àwọn Ọsirélíà. Mo gbọ́dọ̀ fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí: Jardine dúró gbọn-in, ó fi àyà gbà á, ó kó ayò 127 jọ. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ọmọ Trinidad ni Constantine, erékùṣù tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbé kọjá òkun ti gbin ìsìn Ṣàngó sí tí kò sì kú, inú mi a sì máa dùn bí mo bá rántí pé láti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni abìjà-wàrà yìí ti wá. Nígbà tí ilé ìtura kan ní London kọ̀ láti gbà á sílé nítorí àwọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1943, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì borí. Ní ọdún 1969 wọ́n fi í jẹ oyè, ó di ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọlọ́lá.

Nínú ikọ̀ Constantine ni George Headley wà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Bradman dúdú, tí àwọn ará Jàmáíkà sì ń dá wọn lóhùn pé Bradman gan-an ni Headley funfun. Ìpíndọ́gba tirẹ̀ jẹ́ 60.83 nínú Tẹ́sítì 22, nígbà tí ti Bradman jẹ́ 99.94 nínú 52. Ẹni tí ó bá fi ìṣirò nìkan dájọ́ yóò dìde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akin wà níwájú Bradman, àwọn akin wà lẹ́yìn rẹ̀. Headley ní tirẹ̀, bí ó bá jáde, ilé ti wó nìyẹn, nítorí náà kò sí ìgbà kan tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún afẹ́. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó erékùṣù ni wọ́n máa ń fi ṣe balógun, Tẹ́sítì ẹyọ kan péré ni wọ́n jẹ́ kí ọ̀gá yìí darí, ní Barbados ní ọdún 1948.

Ó di ọdún 1960 kí ènìyàn dúdú tó jẹ balógun West Indies fún odidi ìrìn-àjò kan, lẹ́yìn tí C. L. R. James ti fi ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Trinidad pariwo títí. Frank Worrell ni wọ́n yàn. Ní Brisbane, ní oṣù kejìlá ọdún náà, Wes Hall, òmìrán ọmọ Barbados, tí àgbélébùú wúrà ń jó lọ́rùn rẹ̀ bí ó bá ń sáré bọ̀, gbé bọ́ọ̀lù fún ìgbà ìkẹyìn nígbà tí ayò mẹ́fà ṣẹ́kù fún Ọsirélíà, àwọn mẹ́ta ni ó sì kù tí wọ́n lè yọ. Bọ́ọ̀lù mẹ́jọ tí ó kàn án láti jù kò tíì pé tí gbogbo wọn fi jáde, tí ayò ikọ̀ méjèèjì sì dọ́gba rẹ́gírẹ́gí, irú èyí tí ojú kò rí rí nínú Tẹ́sítì. Eré náà ní ojú ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1962, ní Barbados, bọ́ọ̀lù Charlie Griffith fọ́ agbárí Nari Contractor, balógun ikọ̀ Íńdíà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà bọ́, Worrell sì wà lára àwọn tí ó fa ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ fún un. Contractor yè, ṣùgbọ́n kò gbá Tẹ́sítì mọ́.

Ìyà tí ó kọ́ West Indies lọ́gbọ́n, Ọsirélíà ni ó fi jẹ wọ́n. Dennis Lillee àti Jeff Thomson, tí wọ́n ti kọ́kọ́ tú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ká ní 1974 sí 1975, lù wọ́n ní ìdíje márùn-ún sí ẹyọ kan ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Clive Lloyd, balógun wọn, padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé òun yóò wá àwọn tirẹ̀, kì í ṣe ẹyọ méjì, bí kò ṣe mẹ́rin, tí yóò fi jẹ́ pé bí ó bá rẹ ẹnì kan, ẹlòmíràn ti ń bọ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Andy Roberts wá láti Antigua, Michael Holding láti Jàmáíkà, Colin Croft láti Guyana, Joel Garner, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́jọ, láti Barbados. Àwọn ilẹ̀ tí kò lè para pọ̀ di ìjọba kan rí ohun kan tí ó so wọ́n pọ̀.

Ní ọdún 1976, Tony Greig, ọmọ South Africa tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ó ní òun yóò mú kí àwọn ará West Indies rá kòrò lórí ilẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ènìyàn dúdú ni ó sọ èyí fún ọmọ ọmọ ẹrú. Ọ̀dá mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà, koríko pápá Oval gbẹ, ilẹ̀ ibẹ̀ kú fin-ín tí kò ran ajubọ́ọ̀lù kankan lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀ òkú náà ni Holding, tí wọ́n ń pè ní Ikú tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún, ti yọ ènìyàn 14, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì fọ́ igi Greig.

Nígbà tí Lillee àti Thomson ń fọ́ ìka ọwọ́ àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ akọ̀wé yìn wọ́n ní akin. Nígbà tí àwọn dúdú mẹ́rin ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe é lọ, tí kò sí ikọ̀ tí ó lè borí West Indies nínú odidi ọ̀wọ́ Tẹ́sítì kan láti ọdún 1980 títí di 1995, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé wọ́n ń ba adùn eré jẹ́, pé ìwà ipá ni. Òfin tí ó dín iye bọ́ọ̀lù tí ó lè ta sókè kọjá èjìká kù jáde ní ọdún 1991. Èmi kò lòdì sí kí a dáàbò bo orí ènìyàn, akoto tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń dé láti ìparí àwọn ọdún 1970 sókè sì dára. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, àwọn tí ó dájọ́ yìí kò sì gbọ́ tẹnu ará Kingston àti Bridgetown kí wọ́n tó dá a.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè nísinsìnyí pé ta ni mo mú, Malcolm Marshall ọmọ Barbados ni mo mú nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù. Kò ga bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì nílò ilẹ̀ tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní Leeds ní ọdún 1984, àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ṣẹ́, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di pákó mú kí Larry Gomes lè pé ọgọ́rùn-ún ayò rẹ̀, ó tún fi ọwọ́ kan náà ju bọ́ọ̀lù, ó yọ ènìyàn méje. Ènìyàn 376 ni ó yọ nínú Tẹ́sítì kí ó tó fi í sílẹ̀, ayò tí ó sì ná an lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pé 21.

Nínú àwọn tí ó di pákó mú, n kò lè gbé ẹnikẹ́ni ka iwájú Bradman. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí bí ẹ bá ń jà sí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà 29 ni Bradman kó ọgọ́rùn-ún ayò jọ nínú Tẹ́sítì, kò sì sí ẹni tí ó bá a fún ọdún 35. Ní ọdún 1983, Marshall àti Holding dé Íńdíà, ní Kanpur bọ́ọ̀lù Marshall sì já pákó gbà kúrò lọ́wọ́ Sunil Gavaskar, ọkùnrin kúkúrú kan tí kò dé akoto fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi kojú wọn. Ní Delhi, nínú ìdíje tí ó tẹ̀ lé e, Gavaskar jáde, ó kọlu àwọn kan náà, ó kó 121 jọ, ó bá Bradman. Nígbà tí wọ́n dé Madras ní oṣù kejìlá, Marshall ti yọ ènìyàn méjì kí Íńdíà tó ní ẹyọ ayò kan. Gavaskar wọlé bá a níbẹ̀, ó ṣe 236 láìjáde, ọgbọ̀n sì pé.